Ṣọ́ọ̀bù Gbígbà àti Ṣọ́ọ̀bù Fífi Háyà ní Ògbómọ̀ṣọ́: Ohun Tó Yẹ Kí Onílé àti Oníṣòwò Ṣe Kí Kọ́kọ́rọ́ Tó Dé Ọwọ́

Ó ṣòro kí ẹ gba títì kan kọjá ní Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí kí ẹ má rí ṣọ́ọ̀bù tuntun. Ẹni tó bá kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, bí kò tilẹ̀ ní ju yàrá mẹ́ta lọ, á fẹ́ yọ ṣọ́ọ̀bù méjì síwájú. Owó ṣọ́ọ̀bù yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba gbójú lé. Àwọn tó ń wá ṣọ́ọ̀bù náà kò kéré: téílọ̀, onídìrí, ẹni tó ń tún fóònù ṣe, ẹni tó ń ṣe POS, ìyá tó ń ta oúnjẹ, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀mù. Síbẹ̀, àgádágodo tó ti dípẹtà pọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó sì ń kó ẹrù jáde lẹ́yìn ọdún kan pẹ̀lú gbèsè kò lóǹkà.

Ohun tí mo fẹ́ kí onílé àti ayálégbé jọ mọ̀ ni pé owó ilé kì í ti ara búlọ́ọ̀kù jáde. Inú ọjà tí ayálégbé bá tà ló ti ń jáde. Bí ọjà kò bá tà, kò sí bí ohùn onílé ṣe lè le tó tí owó á fi wọlé. Nítorí náà, gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, tọ̀tún tòsì ni mo kọ ọ́ fún.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń kọjá níwájú ibẹ̀

Ọjà Tákíè kì í ṣe ọjà Under G. Ní Tákíè àti Sábó, ará ìlú àti àwọn tó ti abúlé wọlé ni oníbàárà. Wọ́n ń bọ̀ lójò lẹ́ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n wọ́n ń ná ọjà dáadáa, wọ́n sì mọ iye tí nǹkan jẹ́. Ní Under G àti agbègbè Adéníkẹ̀ẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, yunifásítì tó wà ní ìlú yìí, ló pọ̀ jù. Owó wọn yára jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́, ó sì máa ń gbẹ nígbà tí sáà bá fẹ́ parí. Bí ilé ìwé bá sì gba ìsinmi, àdúgbò náà á dá wáí.

Àwọn tó ti pẹ́ ní ìlú rántí 2016 sí 2017, nígbà tí LAUTECH wà ní títì fún ọ̀pọ̀ oṣù nítorí ọ̀rọ̀ owó láàárín ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun tí wọ́n jọ ni ín nígbà náà. Láti oṣù Kọkànlá 2020 ni ó ti di ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìkan, wàhálà ti olówó méjì sì ti kúrò ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ kò tíì kúrò ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù lágbègbè ilé ìwé gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ léèrè pé: bí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá lọ sílé fún oṣù mẹ́ta, ta ló kù tí mo máa tà fún? Bí kò bá sí ìdáhùn, kò ní kí ẹ má gbà á, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ro àwọn oṣù náà mọ́ iye tí ẹ máa san.

Ẹ má fi ìbẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan ṣe ìdájọ́. Ẹ lọ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù náà láàárọ̀ kùtù, ẹ lọ lọ́sàn-án, ẹ tún lọ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ẹ lọ lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ sì lọ lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ wò ó bóyá ẹsẹ̀ ni àwọn ènìyàn fi ń rìn kọjá, àbí orí ọ̀kadà ni gbogbo wọn wà tí wọ́n ń sáré lọ. Ẹni tó ń sáré lọ kì í rí báńnà yín. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ títì tó wà pẹ̀lú: ẹni tó ń ta búrẹ́dì, ẹyin àti àwọn nǹkan ìsebẹ̀ máa ń tà jù ní ẹ̀gbẹ́ tí àwọn ènìyàn ń gbà lọ sílé nírọ̀lẹ́, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ sọdá títì nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ kí ìyá tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Ẹ ra nǹkan díẹ̀ lọ́wọ́ wọn. “Ẹ kú ọjà o, mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín yìí, kí ni wọ́n ń tà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?” Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ẹ máa gbọ́ ohun tí ájẹ́ńtì kò ní sọ fún yín láéláé: bóyá omi ń wọlé, bóyá onílé máa ń fi owó kún owó lójijì, bóyá ẹni tó kúrò ńbẹ̀ jẹ gbèsè iná sílẹ̀.

Onílé náà ní iṣẹ́ ṣe níbí. Bí ẹ bá ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin lórí ìlà kan, ẹ má fi méjì fún onídìrí. Ẹ má sì fi ẹni tó ń jó irin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ta oògùn. Ẹ wá àwọn òwò tó ń pe oníbàárà fún ara wọn: ẹni tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ téílọ̀, ẹni tó ń tẹ ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ta bírò àti ìwé àkọsílẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kó owó wá kọ́ ló tọ́ sí ṣọ́ọ̀bù nígbà gbogbo.

Ta ló ni ilé yìí gan-an?

Ìbéèrè yìí máa ń ti àwọn ènìyàn lójú láti bi àgbàlagbà. Ẹ bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ bi í. Ọ̀pọ̀ ilé tó wà ní àárín ìlú, ilé ẹbí ni. Lábẹ́ àṣà àti òfin ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ kan ṣoṣo kò lè dá fi ohun ìní ẹbí háyà. Olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i. Bí Bọ̀dá kan bá gba owó ọdún méjì lọ́wọ́ yín, tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti Èkó dé lọ́dún Iléyá tàbí Kérésì, ẹ̀yin lẹ máa wà láàárín ìjà tí ẹ ò mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ilẹ̀ hàn yín, ìbáà jẹ́ rísíìtì tí wọ́n fi rà á tàbí ìwé àṣẹ tí gómìnà fọwọ́ sí lábẹ́ Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978. Bí ó bá jẹ́ ilé ẹbí, kí olórí ẹbí àti ó kéré tán àgbà méjì fọwọ́ sí àdéhùn náà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló ń bójú tó ilé fún onílé tó wà lókè òkun, kí ẹ rí ìwé tí onílé fi yàn án, kí ẹ sì bá onílé fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù kí owó tó jáde.

Ti kọ́ńténà àti ìsọ̀ pákó tó wà létí ọ̀nà yàtọ̀. Ọ̀nà tó ti Ọ̀yọ́ wá tó sì gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìlọrin, ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni. Ìwọ̀n tí ìjọba àpapọ̀ ń sọ pé ó jẹ́ ti ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni mítà 45.72 láti àárín ọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ohunkóhun tó bá wà láàárín ìwọ̀n yẹn, ìjọba lè ní kí wọ́n ṣí i kúrò nígbàkigbà, ẹni tó gba owó lọ́wọ́ yín kò sì ní sí ńbẹ̀ lọ́jọ́ tí katapílà bá dé. Bí ẹ bá máa gba irú ibẹ̀, ẹ má san ju oṣù díẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má sì da sìmẹ́ńtì sílẹ̀.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: bí ẹ ṣe máa yẹ ṣọ́ọ̀bù wò

Àsìkò tó dára jù láti wo ṣọ́ọ̀bù ni kété tí òjò ńlá bá dá. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀rùn ni, ẹ wo òrùlé inú. Ibi tí omi ti ń jò máa ń fi àmì aláwọ̀ tíì sílẹ̀ lára sílíǹgì, etí rẹ̀ á dúdú ju àárín lọ. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kun sílíǹgì ibì kan ṣoṣo, tí ìyókù jẹ́ ọ̀dà àtijọ́, ẹ béèrè ìdí. Ẹ gbé ọwọ́ lé ara ògiri nísàlẹ̀, níwọ̀n bí orúnkún. Bí ọ̀dà bá ń hó, tí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun sì ń bọ́ sí yín lọ́wọ́, omi ń ti ilẹ̀ gùn ún ni. Ẹni tó ń ta aṣọ, ìwé, ìyẹ̀fun tàbí sìmẹ́ńtì kò gbọdọ̀ gba irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ bí wọn kò bá kọ́kọ́ tún un ṣe, nítorí ọ̀dà tuntun kò lè dá omi yẹn dúró.

Ẹ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kí ẹ kọjú sí títì. Ṣé ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ga ju títì lọ, àbí títì ló ga? Níbi tí wọ́n bá ti tún ọ̀nà ṣe, títì máa ń gòkè, àwọn ilé àtijọ́ á wá wà nísàlẹ̀, gbogbo àgbàrá á sì máa wá ibẹ̀. Ẹ wo gọ́tà: ṣé ó ń ṣàn, àbí pàǹtírí ti dí i? Ẹ wo páánù láti ìta. Ìjì tó máa ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ ní oṣù Kẹta àti Kẹrin ló ń ṣí òrùlé jù níbí, ibi tí páánù ti yọ ìṣó tàbí tó ń mì ni afẹ́fẹ́ sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Onílé tó bá ní kí káfíńtà lọ kan àwọn ìṣó yẹn nínú ọyẹ́, owó díẹ̀ ló ná. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí òrùlé bá balẹ̀ sórí ọjà ayálégbé, ọ̀rọ̀ náà á di ti lọ́yà.

Ti iná ni mo fẹ́ kí ẹ fi sùúrù wò jù, nítorí òun ló ń pa òwò kéékèèké lẹ́yìn owó ilé. IBEDC ló ń pín iná fún wa. Ẹ béèrè ìpele (band) tí wáyà tó ń wá sí àdúgbò náà wà. Ìpele A yẹ kí ó ní iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, B fún 16, C fún 12, D fún 8, E fún 4. Láti oṣù Kẹrin 2024 ni owó iná àwọn tó wà ní ìpele A ti fò sókè gan-an. Nítorí náà, ẹni tó ń ta ẹja tútù tàbí áísìkiriìmù lè fẹ́ ìpele A pẹ̀lú owó rẹ̀, nígbà tí téílọ̀ tó ní ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ lè rí i pé ìpele C tó òun.

Ẹ ya fọ́tò ògiri, ilẹ̀, ilẹ̀kùn àti mítà, kí nọ́ńbà mítà hàn dáadáa. Ẹ mú nọ́ńbà náà lọ sí ọ́fíìsì IBEDC kí wọ́n bá yín wò ó bóyá gbèsè wà lórí rẹ̀. Gbèsè àtijọ́ lè máa jẹ owó tí ẹ bá fi ra iná lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Bí mítà kan ṣoṣo bá wà fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù, kí onílé ra mítà kékeré fún oníkálukú. Ìjà “ta ló ń lo fíríìjì, ta ló ń lo bọ́ọ̀bù nìkan” ti tú ọ̀pọ̀ ayálégbé rere ká. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ ti ẹ̀rọ ata tàbí ti ìjórin, ẹ béèrè bóyá iná oníwáyà mẹ́ta (three-phase) wà, nítorí oníwáyà kan lè má gbé ẹ̀rọ ńlá.

Omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àti ibi tí oníbàárà máa gbé ọ̀kadà tàbí mọ́tò sí: ẹ wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣọ́ọ̀bù tí kò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò yẹ kí onílé máa gba owó pípé lé e lórí, ó dá mi lójú bẹ́ẹ̀.

Ìṣirò kí owó tó jáde

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pín owó ilé sí oṣù méjìlá, wọ́n á ní “kò burú”. Ibẹ̀ ni àṣìṣe wà. Ká ní owó ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ₦240,000 lọ́dún. Ájẹ́ńtì gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ₦24,000. Lọ́yà náà gba ₦24,000. Onílé gba owó ìdúró ₦30,000. Ẹ kan pákó sára ògiri, ẹ kun ọ̀dà, ẹ tún wáyà ṣe, ₦150,000 lọ. Gbogbo rẹ̀ di ₦468,000. Lóòótọ́, owó ìdúró yóò padà bí ẹ bá ń lọ, ṣùgbọ́n lónìí ó ti kúrò lápò.

Ẹ pín ₦468,000 sí oṣù méjìlá: ₦39,000 lóṣù, kì í ṣe ₦20,000 tí ẹ fojú wò tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 26 lóṣù, ₦1,500 ni ṣọ́ọ̀bù nìkan ń jẹ lójúmọ́. Bí èrè yín lórí ọjà ₦1,000 bá jẹ́ ₦100, ẹ gbọ́dọ̀ ta ọjà ₦15,000 lójúmọ́ kí ẹ tó mú kọ́bọ̀ kan lọ sílé. Bí ó bá sì jẹ́ Under G ni, tí oṣù méjì jẹ́ ti ìsinmi tí kò sí oníbàárà, oṣù mẹ́wàá ni ẹ máa fi pín in: ₦46,800 lóṣù, ₦1,800 lójúmọ́, ọjà ₦18,000. Ẹ fi iye yẹn wé ohun tí ẹ rí lọ́jọ́ tí ẹ lọ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Owó iná, epo, ọ̀yà ọmọṣẹ́ àti ti ọkọ̀ kò tíì wọ̀ ọ́ o.

Owó tí ẹ máa fi ra ọjà ńkọ́? Bí owó ṣọ́ọ̀bù bá ti gba ju ìdajì gbogbo owó tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ dá a dúró. Ẹ wá èyí tó kéré sí i, tàbí kí ẹ bẹ onílé kó gba oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Mo ti rí ṣọ́ọ̀bù tó ní tílẹ̀, gíláàsì àti iná aláràbarà, tí ọjà inú rẹ̀ kò kún orí pákó kan. Oníbàárà tó bá wọlé lẹ́ẹ̀mejì tí kò rí ohun tó fẹ́ kò ní padà wá.

Ẹ̀yin onílé, ẹ bá mi ṣe tiyín. Ẹnì kan fẹ́ san ₦240,000, ẹ ní ₦300,000 lẹ máa gbà. Ó lọ. Ṣọ́ọ̀bù náà wà ní títì fún oṣù márùn-ún kí ẹlòmíràn tó dé tó san ₦300,000 náà. Nínú oṣù márùn-ún yẹn, ₦100,000 ti lọ. ₦60,000 ni àfikún tí ẹ ń rí lọ́dún. Ó máa gba oṣù ogún kí àfikún náà tó kó ohun tó sọnù padà, ìyẹn bí ẹni tuntun yìí bá lè san án títí dé ìgbà náà. Bí ó bá kúrò lẹ́yìn ọdún kan, ẹ ti pàdánù.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ ẹnu dùn nígbà tí ìfẹ́ wà. Ẹ kọ àdéhùn, kí ẹ sì kọ ọ́ ní èdè tí ẹ̀yin méjèèjì gbọ́. Kò sí òfin tó ní kó má jẹ́ Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ẹjọ́ lè ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ iwájú. Ohun tí mo rò pé ó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ rèé, ẹ lè lò ó báyìí kí lọ́yà yín tún un tò:

“Ṣọ́ọ̀bù kejì láti ọwọ́ òsì nínú ilé yìí ni a fi háyà. Iye rẹ̀ jẹ́ … fún ọdún kan, láti ọjọ́ … títí di ọjọ́ … Òwò tí ayálégbé máa ṣe níbẹ̀ ni … Kò ní yí i padà láìjẹ́ pé onílé mọ̀.

Onílé ló máa tún òrùlé, ògiri ìta, àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe. Ayálégbé ló máa tún ilẹ̀kùn inú, bọ́ọ̀bù, ọ̀dà inú àti ohun tí òun fúnra rẹ̀ bá bà jẹ́ ṣe. Bí òrùlé bá ń jò, tí ayálégbé ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ fún onílé, tí ọjọ́ mẹ́rìnlá sì kọjá láìsí àtúnṣe, ayálégbé lè tún un ṣe, kó sì yọ owó náà kúrò nínú owó ilé tó ń bọ̀, pẹ̀lú rísíìtì.

Owó ilé kò ní pọ̀ sí i láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, onílé gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú.

Ohun tí ayálégbé bá kàn mọ́ ara ògiri, èyí tó lè tú láìba ògiri jẹ́, tirẹ̀ ni. Kò gbọdọ̀ fi ṣọ́ọ̀bù háyà fún ẹlòmíràn.”

Gbólóhùn nípa òrùlé yẹn ni ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ. Àwọn onílé kan kì í fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n òun náà ló ń gbà wọ́n: ayálégbé tó mọ̀ pé àtúnṣe máa wáyé kì í fi owó ilé dẹ́rù ba onílé.

Ẹ kọ iye ìgbà ìkìlọ̀ sínú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí àdéhùn kò bá sọ nǹkan kan, ayálégbé ọlọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà, ẹni tó ń san lóṣooṣù ní ẹ̀tọ́ sí oṣù kan. Lẹ́yìn tí ìyẹn bá parí, onílé á tún fún un ní ìwé ọlọ́jọ́ méje pé òun ń lọ sílé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ nìkan ló lè lé ènìyàn jáde. Kí onílé yọ ilẹ̀kùn, kó ti àgádágodo tirẹ̀ mọ́ ọn, kó gé iná, gbogbo rẹ̀ lòdì sí òfin, ó sì lè sọ onílé tó ń béèrè ẹ̀tọ́ di ẹni tó ń san owó ìtanràn. Àmọ́ kí ayálégbé má rò pé ìwé ìkìlọ̀ tó ní àléébù máa gbà á títí ayé. Ní 2021, nínú ẹjọ́ kan tó ti Èkó wá, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ ọ́ gbangba pé ayálégbé òwò tó jókòó láìsanwó kò lè fi àléébù ìwé ìkìlọ̀ bojú mọ́.

Bí ọdún tí ẹ ń gbà bá ju mẹ́ta lọ, ẹ má dá a kọ. Ó di ìwé tí lọ́yà gbọ́dọ̀ ṣe bó ti yẹ lábẹ́ òfin. Èyí tó kúrú náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ sítáǹbù ìjọba sí i, nítorí ìwé tí kò ní sítáǹbù lè dá yín dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹjọ́. Gbogbo owó, ẹ san án sí báńkì tàbí kí ẹ gba rísíìtì tó ní ọjọ́, iye, àti àsìkò tí owó náà wà fún. “Owó ilé” nìkan kò tó.

Owó ìjọba: ta ló yẹ kó gba kí ni?

Òfin 1998 lórí owó orí àti owó ìlú pín in. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ni owó ṣọ́ọ̀bù àti ìsọ̀, òun náà ló ni owó orí ilé tí onílé ń san. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni owó ìforúkọsílẹ̀ ibi òwò. Ìlú wa ní ìjọba ìbílẹ̀ méjì, Àríwá tó wà ní Kínnírá àti Gúúsù tó wà ní Arówómọ́lẹ̀, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tí ṣọ́ọ̀bù yín wà lábẹ́ rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá ń mú tíkẹ́ẹ̀tì wá, ọ̀kan nínú wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ẹni tó bá wá gba owó, ẹ bi í ní káàdì iṣẹ́ àti ìwé tó ní orúkọ ọ́fíìsì rẹ̀. Ẹ má fún un lówó lọ́wọ́ bí nọ́ńbà àkáǹtì ìjọba bá wà. Ẹ tọ́jú gbogbo rísíìtì sínú fáìlì kan, kí ẹ gbé e sí ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe sílé. Òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 2026 kò gba owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó ń wọlé fún ènìyàn lọ́dún, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀ kò ní lè fi hàn pé ibẹ̀ ni òun wà. Ìwé àkọsílẹ̀ olójú méjì, ohun tó wọlé àti ohun tó jáde, ti tó.

Iná àti èéfín

Ẹ má tọ́jú bẹ́ńsírà sínú ṣọ́ọ̀bù, kódà bí epo bá wọ́n. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ wà níta, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọjú sí ibi tí kò sí fèrèsé. Èéfín tó ń pani nínú rẹ̀ kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀, ẹni tó bá fà á á kàn máa tòògbé ni. Àwọn tó ń sun inú ṣọ́ọ̀bù nítorí olè, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ra, tí jẹnẹrétọ̀ sì wà ní kọ̀rídọ̀, ẹ̀mí wọn ni wọ́n fi ń wewu. Onílé, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé kò sí ẹni tó gbọdọ̀ sùn ní ṣọ́ọ̀bù.

Kí onílé ra ohun èlò ìpaná oníyẹ̀fun kan fún ṣọ́ọ̀bù méjì-méjì, kó gbé e síta níbi tí gbogbo ènìyàn á ti rí i, kó sì máa wo abẹ́rẹ́ rẹ̀ bóyá ó ṣì wà lójú àwọ̀ ewé. Omi kò ṣeé dà sí iná wáyà. Nínú ọyẹ́, nígbà tí gbogbo nǹkan ti gbẹ tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́, kí ẹni tó ń ṣe wáyà wá yẹ gbogbo ṣọ́ọ̀bù wò. Ibi tí ìpulọ́ọ̀gì bá ti ń gbóná tàbí tó ti di pupa, ẹ yọ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bí owó ilé bá pẹ́, àti ọjọ́ tí wọ́n máa kó jáde

Ayálégbé tó mọ̀ pé owó kò ní pé, ẹ lọ bá onílé ní oṣù kan ṣáájú. Ẹ mú díẹ̀ lọ́wọ́. “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjà kò lọ dáadáa, ìdajì rèé, mo máa san ìyókù ní oṣù méjì.” Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ jọ fọwọ́ sí i. Onílé tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí yẹ kó wo ìwà ẹni náà látẹ̀yìn wá. Bí ó bá ti ń san déédé fún ọdún mẹ́ta, oṣù méjì kò tó ohun tí ẹ máa fi lé e. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sá fún ìpè, tí kì í sì sí ní ṣọ́ọ̀bù nígbàkigbà tí ẹ bá dé, ẹ kọ ìwé ìkìlọ̀ fún un kíákíá, kí gbèsè náà má bàa pọ̀ ju ohun tí ọjà rẹ̀ lè san.

Lọ́jọ́ tí ayálégbé bá ń kó jáde, kí ẹ̀yin méjèèjì wà ńbẹ̀ lójú mọmọ. Ẹ mú àwọn fọ́tò tí ẹ yà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ jáde, kí ẹ fi wọ́n wé ògiri, ilẹ̀ àti ilẹ̀kùn. Ẹ ka mítà, kí ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lójú rẹ̀ sí ẹ̀yìn àdéhùn. Ohun tó bá bàjẹ́, ẹ pe ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ kó sọ iye rẹ̀ níṣojú yín, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú owó ìdúró, kí ìyókù sì padà sọ́wọ́ ayálégbé lọ́jọ́ náà gan-an. Lẹ́yìn náà ni kí ó kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀, títí kan èyí tó wà lọ́wọ́ ọmọṣẹ́, kí onílé sì kọ rísíìtì fún un pé òun ti gbà á.